Àjà Kẹrin

Ẹnjiníà obìnrin náà ti kó ìwọ̀n òpó inú pláànù sínú sọ́fúwíà ìṣirò orí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Alájì Jàbárù, onílé tó pè é wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Nyanya, na ọrùn wò ó.

“Kí ló wí?”

“Alájà mẹ́ta ni pláànù yín, sà. Àwọn òpó yìí ò lè gbé àjà kẹrin. Ilé á wó ni.”

“Kai! Ìkẹrin kọ́ ni mo bi yín. Ìkarùn-ún ni mo fẹ́ kọ́.”

“Ìkẹrin wá ńkọ́?”

“Òun la jókòó sí yìí.”

Ẹnjiníà pa kọ̀ǹpútà dé jẹ́jẹ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ìka kan ṣoṣo kan ilẹ̀kùn àwọn ayálégbé.