Kókó Inú Ọmú Àrínọlá

Lọ́dún 1989, Àrínọlá, olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Akínyẹlé, rí kókó kan lọ́mú òsì rẹ̀. Kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Mùjíbátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń yan gàrí ní ojúlé kejì, ní irú rẹ̀ náà, làwọn méjèèjì bá jọ wọkọ̀ lọ sí ọsibítù n'Ìbàdàn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gé díẹ̀ lára kókó àwọn méjèèjì. Nọ́ọ̀sì fi í sínú ìgò kéékèèké méjì, ó lẹ orúkọ mọ́ wọn, ó ní kí oníkálukú gbé tirẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Òòyì ń kọ́ Mùjíbátù. Àrínọlá ní kó jókòó, òun á bá a gbé tirẹ̀. Oògùn inú ìgò jò sí i lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, ìwé orúkọ sì ṣí kúrò lára wọn. Àrínọlá kì í fẹ́ kí nǹkan rí wúruwùru. Ó fi ìdí ìró rẹ̀ nu ìgò méjèèjì gbẹ, ó tún ìwé orúkọ wọn lẹ̀ dáadáa, ó sì fi wọ́n lé àwọn ará yàrá àyẹ̀wò lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì dé. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan lára Mùjíbátù, kó máa lọ sílé. Ti Àrínọlá ni kò dáa. Wọ́n ní ó fẹ́ di jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ojú kan ló ṣì wà; bí wọ́n bá tètè gé ọmú náà, yóò yè. Mùjíbátù ló sunkún. Òun náà ló dúró tì í lọ́sibítù fún ọjọ́ mẹ́jọ, tó ń fọ aṣọ rẹ̀, tó ń po ẹ̀kọ fún un.

Ara Àrínọlá yá. Lazarus ọkọ rẹ̀ ò lè wo ojú àpá náà; ó lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní Ẹgbẹ́dá. Àrínọlá ń ká àkísà sínú kọ́mú lọ síléèwé, ó sì ń jẹ́rìí lọ́dọọdún nínú ìjọ Aládùúrà wọn pé òun ṣì wà láàyè.

Lọ́dún kejì, ọmú Mùjíbátù wú, ó degbò, ó ń rùn. Ó ní wọ́n ṣáà ti sọ fóun pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tó fi máa padà sí ọsibítù, jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Kó tó kú, ó fa Ṣìfáwù, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mọ́kànlá, lé Àrínọlá lọ́wọ́.

"Ìwọ ni Ọlọ́run dá sí," ó ní. "Bá mi wò ó."

Àrínọlá wò ó bí ọmọ tó bí. Nígbà tó fi di 1998, Ṣìfáwù ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ọdún náà ni kókó mìíràn yọ lọ́mú Àrínọlá tó ṣẹ́ kù, jẹjẹrẹ sì ni. Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá ti àtijọ́ ló bí i. Ó ní ègé kókó ọdún 1989 ṣì wà nípamọ́. Òun á fi í ránṣẹ́ sókè òkun pẹ̀lú tuntun, kí wọ́n yẹ àbùdá inú ẹran méjèèjì wò, bí èèyàn ṣe ń wojú ọmọ láti mọ ìyá. Ṣìfáwù ló bẹ Àrínọlá kó gbà. Ó ní ó lè gba obìnrin mìíràn là.

Lọ́jọ́ tí èsì dé, àwọn méjèèjì jọ jókòó níwájú dókítà. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbójú sókè.

"Mà, ti àtijọ́ kọ́ ló bí tuntun," ó ní. "Kókó tí wọ́n torí rẹ̀ gé ọmú yín lọ́jọ́sí, kò ti ara yín wá rárá; obìnrin mìíràn ló ni ín."