Ìwádìí Ìdílé Mákáì

Ọdún tí ìjọba san owó Údójì ni Olúṣọlá, wolé-wolé Ìlọrà, ra rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì. Ọdún náà ni òyìnbó wá fẹ́ ọmọ rẹ̀. Mákáì ni òyìnbó ọ̀hún ń jẹ́, ará Sikọ́tílándì, tíṣà ìṣirò ní Fìdítì, ó sì ń sọ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí sí Akínmọ̀rìn. Mobọ́lá nìkan ni Olúṣọlá bí. Lọ́jọ́ tí Mákáì kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, tí imú gígùn rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì, Olúṣọlá ti rí ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun.

Ẹ̀bi Ọlájídé ni, aládùúgbò rẹ̀. Ọlájídé ní ọmọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì ní gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì kó má dárúkọ ìlú náà kí ó tó ṣe àmín. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ka Olúṣọlá lára. Ó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun náà ní bàbá ará òkè òkun kí òun tó kú. Ó tilẹ̀ ti ra kóòtù nínípọn kan, àlòkù, lọ́jà Ọ̀yọ́. Tó bá ti ti ilẹ̀kùn yàrá, a gbé e wọ̀, a sì máa làágùn pẹ̀lú ìdùnnú.

Abọ́sẹ̀dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ni kò gbà.

"Ṣọlá, a kì í fọmọ fún ẹni tí a ò mọ ilé bàbá rẹ̀. Ìwọ tó ń yọjú wo ìsàlẹ̀ àmù olómi, o ò ní wo ìdí ilé ẹni tó fẹ́ kó ọmọ rẹ lọ?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ó sì dun Olúṣọlá. Ó ní kí Mákáì ránṣẹ́ sílé, kí àgbà kan ṣàlàyé ìran wọn fún wọn: bóyá wèrè wà níbẹ̀, bóyá olè wà níbẹ̀. Ìyá àgbà Mákáì, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó sì fi ránṣẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni ẹbí péjọ láti gbọ́ ọ. Mákáì ti dé ṣáájú wọn. Ó ti wo inú kànga, ó ti béèrè bóyá yàrá ẹ̀yìn ń jò, ó ti fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé.

"Ọmọlúàbí tó mọ ìmọ́tótó," ni Olúṣọlá sọ. Inú rẹ̀ dùn.

Wọ́n tan rédíò. Ológbò kan ló kọ́kọ́ ké, lẹ́yìn náà ni ìyá bẹ̀rẹ̀, Mákáì sì ń túmọ̀.

"Wọ́n ní atukọ̀ ni gbogbo wa. Jémíìsì, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, wọ ọkọ̀ lọ sí Kánádà. Ó rí ọmọ apẹja kan níbẹ̀, ó fẹ́ ẹ."

"Ìgbà wo ló padà?" Abọ́sẹ̀dé béèrè.

"Kò padà, Màmá. Àǹgọ́ọ̀sì, àbúrò bàbá wọn, lọ sí Niu Sílándì. Ó fẹ́ ọmọ alágùntàn. Òun náà kò padà. Ẹ̀yìnkùlé àna rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí."

"Wọ́n fẹ́ràn àna o!" ni Olúṣọlá wí.

"Dọ́gáàdì, ọmọ tí àwọn gan-an bí, wọkọ̀ lọ sí Ṣílè. Ó fẹ́ ọmọ ẹlẹ́ran. Ibẹ̀ ló wà títí dòní."

"Wèrè ńkọ́?"

"Kò sí, Bàbá."

"Olè?"

Mákáì tẹ́tí díẹ̀. "Ọ̀kan jí ewúrẹ́ jẹ. Ewúrẹ́ àna rẹ̀ ni, àna sì ti dárí jì í."

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé, àfi Abọ́sẹ̀dé, tó ti tú gèlè, tó fi ń nu ojú.

"Ẹ ò gbọ́ ni? Ìran tí kì í padà sílé ni! Bí wọ́n bá ti lọ, wọ́n lọ nìyẹn. Mobọ́lá, a ò ní fojú kàn ọ́ mọ́!"

Ẹkún sọ nílé. Omi lé sí ojú Olúṣọlá pàápàá, nítorí ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ dénú. Ṣùgbọ́n ó rántí Ọlájídé, ó gbé omi náà mì.

"Ẹni tí kò bá lè padà wá," ó ní, "a ó lọ bá a níbẹ̀."

Nínú rédíò, ìyá àgbà náà ti bú sẹ́kún.

"Kí ló ń pa wọ́n lẹ́kún?"

"Wọ́n ń kí mi pé ó dàbọ̀, Bàbá," Mákáì wí, ó sì yára pa rédíò.

"Àánú wa ló ń ṣe é," ni Abọ́sẹ̀dé sọ. "Ìyá rere ni."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní Kérésìmesì. Olúṣọlá ò béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa wọkọ̀, kí àna rẹ̀ má baà rò pé ojú ń kán òun. Ṣùgbọ́n ó dìde ní ìpàdé ìjọ, ó ní kí wọ́n máa fi àdúrà ran àwọn tó fẹ́ rìnrìn-àjò lọ́wọ́, ó sì wo Ọlájídé bó ṣe ń sọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lọ́rì kan ti Fìdítì dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà Olúṣọlá. Àpótí, bẹ́ẹ̀dì àti páálí ìwé kún inú rẹ̀, Mobọ́lá sì jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Olúṣọlá mọ̀ pé èbúté Èkó ni ọkọ̀ ń lọ, pé wọ́n yà láti gba àdúrà ni. Ó pariwo pe Ọlájídé kó jáde wá wò. Ọlájídé jáde, ojú rẹ̀ fà ro. Ó pẹ́ tí inú Olúṣọlá ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

Mákáì bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Bàbá, èmi náà ti dé òkè òkun tèmi o, yàrá wo ni kí a kó ẹrù sí?"