Murdo Geddes àti Ìkòkò Ọbẹ̀ Ishbel

Ìlara ni àrùn tó ń ṣe Murdo Geddes. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe olè, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ ni, èmi pàápàá fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yin ẹlòmíràn lójú rẹ̀, oúnjẹ kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

Ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí Skọ́tlándì dá dúró gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè ló ń ṣèjọba níbẹ̀ nígbà náà, Ishbel Rennie sì ni olórí wọn. Ishbel ló mú Murdo wọ òṣèlú, òun ló kọ́ ọ bí a ṣe ń kan ilẹ̀kùn onílé nínú òjò láti tọrọ ìbò láìfajúro. Lọ́jọ́ ìdìbò, Ishbel fúnra rẹ̀ a máa se ọbẹ̀ ẹ̀wà wẹ́wẹ́ àti kárọ́ọ̀tì sínú ìkòkò ńlá kan ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Àwọn tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé á wọlé wá mu ún, ara wọn á yá, wọn á tún jáde sínú òtútù.

“Kò sí olórí bí Ishbel,” ni wọ́n máa ń wí bí wọ́n ti ń lá ṣíbí. Gbólóhùn yẹn ni Murdo kò lè gbé mì.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Ishbel lẹ́yìn fún àwọn oníròyìn. Lónìí, á ní iṣẹ́ ti sú u. Lọ́la, á ní kò fẹ́ òmìnira dénú mọ́. Ẹgbẹ́ pín sí méjì. Ishbel ránṣẹ́ pè é.

“Murdo, àbúrò mi, ṣé ìwọ lò ń ṣe èyí sí mi?”

“Èmi kẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé orí mi dàrú ni?”

“Orí ẹ ò dàrú. Àga mi ló wọ̀ ẹ́ lójú. Ó dáa, máa gbà á. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má pa iná ọbẹ̀ mi o.”

Ishbel kọ̀wé fipò sílẹ̀, Murdo di olórí. Ìkòkò yẹn ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé padà sílé Ishbel. “Òṣèlú la wá ṣe níbí, a ò wá jẹun,” ló wí.

Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Àwọn tí Murdo kọ́ ní òfófó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà tọ oníròyìn lọ.

Ọjọ́ ìdìbò dé, yìnyín ń bọ́. Gbọ̀ngàn tutù nini. Àwọn èèyàn Ishbel jókòó sápá kan, àwọn èèyàn Murdo sápá kejì, kò sì sí ọbẹ̀ tí yóò kó wọn jọ sídìí tábìlì kan.

“Ẹ dákun, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn,” Murdo bẹ̀ wọ́n.

Màmá Effie Baxter, tó ti ń kan ilẹ̀kùn fún ẹgbẹ́ kí wọ́n tó bí Murdo, rọra wé ìborùn rẹ̀. “Murdo, ọmọ mi, sọ fáwọn oníròyìn ẹ kí wọ́n bá ẹ kàn án.” Ó jáde, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e lọ sílé.

Wọ́n ka ìbò. Àga Murdo nílé aṣòfin lọ, ìjọba náà bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Murdo nìkan ló wà ní gbọ̀ngàn tí Ishbel fi gbé ìkòkò rẹ̀ wọlé. “Jókòó, kí o mu nǹkan gbígbóná,” ló wí. Murdo mu ún, omijé ń bọ́ sínú abọ́ rẹ̀. Ọbẹ̀ náà dùn bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì nìkan ló jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀ tó tó gbogbo ẹgbẹ́ mu.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ríbi wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fi ìlara tú ilé ká nítorí àti jókòó sórí àga, àga náà ni yóò bá níbẹ̀, kò ní bá èèyàn. Ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún ẹni tó kọ́ wa níṣẹ́, ká má sì pa iná tí gbogbo wa jọ ń yá.