Ìlà Tí Ọ̀gá Ní Kí Àmírà Kọ

Ọ̀gá dúró lẹ́yìn Àmírà, tó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ní ọ́fíìsì wa ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire, ó ń pariwo.

"Kọ ọ́ síbẹ̀! Kí kọ̀ǹpútà máa yọ gbogbo ẹni tó ń wáṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí."

Àmírà, ọmọ Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn Yorùbá tó wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n bí sí àdúgbò Kennedy níbí, ń tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ọ̀gá jáde. Inú bí mi.

"O ò tijú? Sọ̀fíyù àbúrò rẹ ń wáṣẹ́ níbí!"

Ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó wà lókè ojú ewé tó ń kọ hàn mí, èyí tí ọ̀gá, tó gbọ́ Faransé nìkan, ò lè kà:

"Má fọwọ́ kọ nǹkan síbí. Ẹ̀rọ yóò tún ojú ewé yìí kọ, yóò pa tìrẹ rẹ́."

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá bọ Sọ̀fíyù lọ́wọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Kọ̀ǹpútà mú ọ. Ojúlówó ọmọ ilẹ̀ wa ni ẹ́!"