Ọ̀rọ̀ Ọmọbìnrin inú Fíìmù

Láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ilé tuntun ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ni Oyèdèjì télọ̀ ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti ń rí àwọn lébìrà tó ń po sìmẹ́ǹtì níta, ibẹ̀ náà ló ti ń rí àwọn obìnrin ilé lẹ́yìn. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe: obìnrin kankan nílé òun kò gbọ́dọ̀ bá lébìrà sọ̀rọ̀. Bí oúnjẹ wọn bá jinná, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ fún wọn.

Ó nídìí tó fi ń ṣọ́ra. Alhaji Mashood tó ń ta páànù fẹ́ fi Mùjídàt ọmọ Oyèdèjì ṣe ìyàwó kẹta. Bí ọdún Iléyá bá ti lọ, wọ́n á so yìgì. Páànù tí wọ́n máa fi kan ilé tuntun náà ti wà nílẹ̀. Alhaji ló kó o wá.

Mùjídàt ti ní òun ò fẹ́ ẹ. Ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ó sọ ọ́ fún ààfáà àdúgbò, ó sì sọ ọ́ fún Alhaji fúnra rẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, ìyẹn ní òun ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ mọ́.

Láti ìgbà náà ni Mùjídàt ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fíìmù kan.

Ó ti wò ó ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tó lọ kí Kúbúrátù, àbúrò bàbá rẹ̀, tó ń gbé ní Sábó. Fíìmù Íńdíà ni. Wọ́n ti ọmọbìnrin kan mọ́ inú ilé ńlá lórí òkè, olówó kan fẹ́ fi tipátipá gbé e níyàwó, ọkùnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ sì ń wá bí yóò ṣe yọ ọ́. Mùjídàt ní ọkàn èèyàn ò ní balẹ̀ títí yóò fi parí. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọbìnrin yẹn ló dùn jù níbẹ̀.

Àwọn ẹbí Alhaji wá lọ́jọ́ kan, wọ́n bi Mùjídàt bóyá inú rẹ̀ dùn. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn dáadáa, ó ní, "Èmi kì í ṣe àgbò tí wọ́n so mọ́ èèkàn de ọdún."

Ojú bàbá rẹ̀ yí padà.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ọmọbìnrin inú fíìmù ló sọ bẹ́ẹ̀."

Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó kan tiẹ̀ ní kó tún un sọ. Nígbà tó yá, Oyèdèjì náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn débi pé nígbà tó gbé ẹ̀bà lọ fún àwọn lébìrà, ó sọ ọ́ fún wọn. Ismaheel, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀, gbójú sókè. Ó ní òun náà wo fíìmù yẹn ní Sábó.

"Ṣé ẹ wá mọ èsì tí ọkùnrin yẹn fọ̀, Bàbá? Ó ní, 'Okùn tí ọwọ́ so, ọwọ́ á tú u.'"

Oyèdèjì pàtẹ́wọ́. Ó wọlé lọ sọ fún Mùjídàt. Abọ́ ni Mùjídàt ń fọ̀, kò gbójú sókè. Ó kàn ní bẹ́ẹ̀ gan-an lọkùnrin náà wí.

Ó di eré láàárín wọn. Bí Mùjídàt bá rántí ọ̀rọ̀ kan, Oyèdèjì á gbé e síta. Bí Ismaheel bá rántí èsì rẹ̀, Oyèdèjì á gbé e wọlé. Alhaji Mashood náà wá jókòó gbọ́ ọ. Ó ní ọmọbìnrin fíìmù yẹn ti gbójú jù, òun ì bá ti nà án.

"Ẹ ò lè nà án," ni Mùjídàt dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé. "Kò sí nílé yín."

Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, ó tún rántí òmíràn: "Níbi tí wọ́n ti ń pín ẹran, kò sẹ́ni tó ń wo ẹnu ọ̀nà."

Èyí pa Oyèdèjì lẹ́rìn-ín títí. Ismaheel bẹ̀ ẹ́ kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ismaheel ronú díẹ̀.

"Ọkùnrin yẹn ní, 'Ẹni tó dúró lábẹ́ igi ọdán, ẹran kọ́ ló ń retí.'"

"Ṣé igi ọdán wà ní Íńdíà ni?"

"Ó jọ ọ́, Bàbá."

Lọ́jọ́ Iléyá, Oyèdèjì mú ọ̀bẹ, ó ń pín ẹran fún ará ilé àti àlejò. Nígbà tó pe Mùjídàt pé kó wá gbé ti Alhaji, kò rí i. Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Oyèdèjì wá a lọ sọ́dọ̀ Kúbúrátù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kúbúrátù kí i, ó bu omi fún un, kò sì fi ọ̀rọ̀ bò. Ó ní wọ́n ti so yìgì Mùjídàt, àbúrò òun àti Oyèdèjì tó jẹ́ ọkùnrin ló dúró bíi bàbá fún un, ó sì ti di ìyàwó Ismaheel.

"Ismaheel wo?"

"Lébìrà yín."

Oyèdèjì ní irọ́ ni. Ó ní ẹnu ọ̀nà ni òun ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, àwọn méjèèjì ò kíra wọn rí. "Ta ló ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín wọn?"

Kúbúrátù wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti wo fíìmù yẹn fúnra yín?"

Wọ́n ṣì ń fi fíìmù náà hàn ní ilé sinimá Sábó. Oyèdèjì wọlé, ó jókòó níwájú, ó ń retí ọ̀rọ̀ àgbò àti ọ̀rọ̀ ẹran. Ó rí ilé ńlá lórí òkè, ó rí olówó náà, ó sì rí ọkùnrin tó wá yọ ọ́.

Odi ni ọmọbìnrin náà, kò sì la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan títí fíìmù fi parí.