Ohùn Tí Ọ̀já Gbọ́ Lórí Ìbídùn

Ìbéèrè kan péré ló kù kí Ìbídùn parí ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn dókítà eyín. Wọ́n ya páálí tí wọ́n tú palẹ̀ sínú ìwé, wọ́n ní kí ó mú èyí tí yóò dà bí wọ́n bá ká a, nínú àpótí mẹ́rin tí wọ́n yà sábẹ́ rẹ̀. Ọkàn nìkan ni kí wọ́n fi ká a. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ká a, ó ti fìdí rẹmi.

Ó mú ìkẹta. Kíá ni iná pupa tàn lára ọ̀já tó ń gbọ́ èrò ọkàn, èyí tí wọ́n dì mọ́ ọn lórí.

Obìnrin tó ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣèdánwò sáré dé, ó ka ọ̀rọ̀ tó hàn lára ọ̀já náà. "Ta ló ń sọ fún ọ pé, 'Mú igun kan, má gbójú kúrò lára rẹ̀'? Olùkọ́ wo nìyẹn?"

"Kì í ṣe olùkọ́, mà. Màámi ni. Ìgbà tí a bá ń fi ewé pọ́n ẹ̀kọ ni wọ́n máa ń sọ ọ́. Wọ́n ti kú."

Ojú obìnrin náà rọ̀. "Òfin ò mọ ìyẹn, ọmọ mi. Tẹ bọ́tìnì ara ọ̀já yìí, á pa ohùn náà rẹ́ lọ́kàn rẹ títí láé, máàkì rẹ á sì dúró. Bí o ò bá tẹ̀ ẹ́, máa lọ sílé."

Ìbídùn gbé ìka lé bọ́tìnì náà. Ọdún mẹ́ta ló fi kàwé fún ọjọ́ òní.

"Igun kan, Àbẹ̀kẹ́ mi," ni ohùn náà ń wí, jẹ́jẹ́.

Ó tú ọ̀já náà, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ya àwòrán náà yọ kúrò nínú ìwé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká a lójú gbogbo wọn, bí ẹni ń pọ́n ẹ̀kọ.

Àpótí kẹta náà ló dà.