Ọkọ Mi Kọ̀, Kò Múra

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o, ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú ọkọ mi!

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, torí èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Oògùn tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lò ni mo gbà lò. Ọmọ ìyá kan náà ṣáà ni wá.

Ẹ wá wò mí báyìí! Ara mi yá gágá. Láti ìjẹta, oorun ò kùn mí. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ò sinmi.

Ṣùgbọ́n bàbá àwọn ọmọ mi jókòó gẹlẹtẹ, ó ró aṣọ bẹ́ẹ̀dì mọ́dìí. Kò lọ síbi iṣẹ́. Kò rẹ́rìn-ín.

Mo pe dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi wá, mo sì sọ fún un pé oògùn ẹ̀gbọ́n mi ló wò mí sàn.

"Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ ò múra?"

Ọkọ mi nawọ́ sí ẹ̀rọ mi. "Ìyàwó mi ti tú gbogbo ṣòkòtò mi. Ó ní òun fẹ́ fi rán aṣọ fèrèsé fún gbogbo àdúgbò."

Dókítà fi í sílẹ̀, ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Màdáàmù, ìrẹ̀wẹ̀sì yín àti ti ẹ̀gbọ́n yín jọra lójú, ṣùgbọ́n èròjà inú ọpọlọ yín yàtọ̀. Tiwọn ń lọ sílẹ̀ nìkan. Tiyín ń lọ sílẹ̀, ó sì ń lọ sókè. Oògùn tó gbé wọn dìde ti sọ yín sókè fíofío."

Mo fẹ́ jiyàn.

Ọkọ mi ò jẹ́ kí n ráyè: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ṣòkòtò wà nínú báàgì yín yẹn?"